Akínjídé àti Ohùn Olóhùn

Akínjídé ọmọ Emure-Ilé kì í jalè, kì í sì í bá èèyàn jà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tí Ọlọ́run fún un kì í tó o. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá kí èèyàn lójúde, ẹni tó wà nídìí kòkó lóko á dáhùn. Síbẹ̀, ohùn ẹlòmíì ló ń wọ̀ ọ́ lójú.

Èyí tó wọ̀ ọ́ lójú jù ni ti Bàbá Raheem, tó ń pe èrò sí ọkọ̀ Benin ní gáréèjì Ọ̀wọ̀. Ohùn bàbá yìí há, ó sì wúwo, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí òkúta. Bó bá ti ké pé, "Benin! Ó ku ẹnì kan!" orí Akínjídé á wú.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ yọjú. Alájì Yahya, tó ń fi ọkọ̀ ta àgbo ikọ́ àti ọ̀fun, gbọ́ orin Akínjídé níbi ìkórè. Ó ní, "Wá máa bá mi polówó ọjà. Sátidé la ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ yẹn ni mo fẹ́ o!" Akínjídé, tí kò níṣẹ́ láti ọdún méjì, jó wálé.

Nígbà tó délé, ó rò ó pé ohùn agogo kò lè ta àgbo, ohùn àgbà ló lè tà á. Ló bá lọ bá Bàbá Raheem.

"Bàbá, kí lẹ jẹ tí ohùn yín fi rí báyìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Eruku ọgbọ̀n ọdún ni mo jẹ. Bí mo bá ń rẹ ọmọ-ọmọ mi sùn, ṣe ló ń bú sẹ́kún. Bó bá ṣeé pààrọ̀, ǹ bá gba tìrẹ lónìí. Fi ọ̀fun rẹ lọ́rùn sílẹ̀, ọmọ mi."

A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn. Akínjídé rò pé bàbá ń fi àṣírí pamọ́ ni. Ó gba oko lọ ní Upenmen, ó jẹ ataare, ó fi ògógóró lé e, ó wá ń pariwo mọ́ ẹyẹ: "Benin! Benin!" Ẹyẹ fò lọ, ìkankan kò wọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é.

Nígbà tó di Fraidé, ohùn rẹ̀ ti há. Inú rẹ̀ dùn, ó pe Hamidat, ọmọ Alájì, lórí fóònù: "Èmi Bàbá Raheem ni o." Hamidat kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Akínjídé.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ní Sátidé, ọjà kún. Akínjídé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Àgbo... ọ̀fun..." Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ ló jáde.

Ìyá kan tó ń ta ẹja bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé ìwọ náà ti mu ún?"

"Ó ti mu ún!" ni ẹlòmíì dáhùn. "Àgbo tó ń di ọ̀fun rèé! Oníṣègùn, kọ́kọ́ wo ara rẹ sàn!"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti yọ owó dá a padà sápò.

"Akínjídé, ohùn tí mo gbà síṣẹ́ dà?" ni Alájì bi í. Akínjídé la ẹnu, èémí lásán ló jáde. Hamidat, tó ti wá mọ ẹni tó pe òun lánàá, gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Raheem, ẹ kú iṣẹ́ o." Òun ló ń polówó àgbo náà títí dòní.

Dókítà ní kí Akínjídé má sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ní kó ṣọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sẹ́bàá títì. Ewúrẹ́ dé. Akínjídé pàtẹ́wọ́, ó fẹsẹ̀ halẹ̀, ó la ẹnu gbàgà. Ewúrẹ́ wò ó lójú, ó sì rọra jẹ ẹ̀gẹ́ náà tán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità náání èèpo igi. Kò burú kí ohun olóhun wù wá, àmọ́ ká má tìtorí rẹ̀ ba tiwa jẹ́. Ohun tí à ń jowú lára ẹlòmíì, ó lè jẹ́ egbò ni lára rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá sì ti sọ fún wa pé egbò ni, ká gbà á gbọ́, kí ewúrẹ́ má baà wò wá lójú jẹ ẹ̀gẹ́ wa.