Ọmọ Tí Kò Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀sì Sùn

Nọ́ọ̀sì lajú lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá fún un tọ́ ló dúró tì í, tó na ọwọ́ sí i nímú.

Àyà rẹ̀ já. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọ̀sán nìkan ló ń ráyè sùn, ojoojúmọ́ sì ni ọmọ yìí ń yọ́ wọlé bá a báyìí.

Lánàá tó ti ilẹ̀kùn, ṣe ni ọmọ náà ń gbá ilẹ̀kùn náà, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

"Ẹ tètè dá a padà o," ni aládùúgbò tó gbọ́ ariwo náà wí. "Ta ló mọ nǹkan tí ọmọ olọ́mọ ń rò?"

Nọ́ọ̀sì rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó fa fóònù yọ láti pe àwọn tó gbé ọmọ náà wá.

"Kí lo fẹ́ fi mí ṣe? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" ló bi ọmọ náà.

Omi lé ròrò lójú ọmọ náà.

"Rárá, mà. Mọ́mì mi ní ó rẹ àwọn, kí n má jí àwọn. Mo wá ń ṣeré tèmi lọ. Nígbà tí mo jí wọn, wọn ò dá mi lóhùn mọ́."

Fóònù bọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fà á mọ́ra, ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé àyà ara rẹ̀ tó ń lù kìkì.

"Máa jí mi," ló ń wí. "Ìgbàkígbà tẹ́rù bá ti bà ọ́, ṣáà jí mi."