Télọ̀ Tó Tẹ "Bẹ́ẹ̀ Ni" Lórí Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù kẹ́ ẹ tó ka ohun tí wọ́n bi yín. Ẹ má fò ó o. Ọ̀rọ̀ yín ni.

1.

Télọ̀ kan wà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Onígbàjámọ̀, jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Kọ́tìnì ni wọ́n fi pín in: maṣíìnì ń dún níhìn-ín, irun ń já bọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ni wọ́n. Ohun kan péré ni wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ìyẹn òṣèlú. Ẹgbẹ́ Àkàbà ni Télọ̀ ń ṣe, ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ ni Onígbàjámọ̀ ń ṣe, ẹgbẹ́ kẹta ò sì sí.

"Kọ́kọ́rọ́ yín yìí, ilẹ̀kùn wo ló ti ṣí rí?" Télọ̀ á ké láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Àkàbà tiyín ńkọ́? Ẹni tó bá ti gùn ún dókè tán, ṣebí ńṣe ló máa ń fà á sókè!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Tí ọ̀kan bá ra oúnjẹ, dandan ni kó gba abẹ́ kọ́tìnì dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Àṣírí kan wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ òsì Onígbàjámọ̀ kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí Télọ̀ máa ń gé ṣòkòtò rẹ̀ lọ́nà tí etí méjèèjì á fi dọ́gba nílẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà á sì máa rọra rìn bí ọkọ ìyàwó.

2.

Ẹgbẹ́ Àkàbà gbé áàpù kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á sórí fóònù á rí dátà ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Télọ̀ ti yọ fóònù lápò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀rẹ́ mi, rọra o." Onígbàjámọ̀ yọjú. "Kí ni wọ́n ń bi ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní ṣé káwọn wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù mi, ṣé káwọn máa fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Èmi ò ní nǹkan tí mò ń fi pa mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ lẹ máa ń ti gbogbo nǹkan pa!"

Ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbàgbé. Orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jọra wọn jù, nítorí náà kì í fi orúkọ pa nọ́ńbà wọn mọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ rántí tó bá ń gé aṣọ wọn ló máa ń kọ: Ikùn Ṣáájú. Èjìká Kan Ga. Ìdí Ò Sí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ ló fi ń ṣe.

3.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Orí ẹnì kan wà lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, ọwọ́ mi ò dilẹ̀," ló sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró. Ìyẹn kà á ketekete:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ẹsẹ̀ Òsì Kúrú. Èmi Télọ̀ yín ni. Ẹ bá mi dìbò fún Àkàbà."

Maṣíìnì dákẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Gbogbo ojú lọ sílẹ̀, sí ẹsẹ̀ Onígbàjámọ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Kó tó di ọ̀sán, Èjìká Kan Ga ti wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán. Ikùn Ṣáájú bú u lórí fóònù títí etí rẹ̀ fi gbóná. Gbogbo ìyẹn ò dùn ún tó ti Onígbàjámọ̀, tó ń yọ dígí rẹ̀ kúrò lára ògiri.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ̀! Wọ́n bi mí, mo kàn tẹ Bẹ́ẹ̀ ni ni."

"Wọ́n bi ọ́ nípa ẹsẹ̀ mi, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ìwọ lo ni ẹsẹ̀?" Ó gbé dígí náà há abíyá. "Ìwọ ò ní nǹkan tó ò ń fi pa mọ́. Èmi ní. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í pa mọ́ sí."

Ó gbé àga rẹ̀ sọdá sí òdìkejì títì. Télọ̀ jókòó, ó sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ náà fi gbé áàpù tiwọn jáde, ìbéèrè kan náà ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹnu Télọ̀ ń yún un láti fi ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́, àmọ́ kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn kọ́tìnì.

4.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Télọ̀ tò sórí ìlà. Ta ló wà níwájú rẹ̀? Onígbàjámọ̀ ni. Télọ̀ mìíràn ti rán ṣòkòtò fún un, ó gé ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà, apá òsì wá ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan ń tọ́ka sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò lè wò ó níran. Ó yọ abẹ́rẹ́ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ó lóṣòó sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń ká etí ṣòkòtò náà sókè.

"Kí lò ń ṣe? Àwọn èèyàn ń wò wá," Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Télọ̀ bá pariwo kí gbogbo ìlà lè gbọ́: "Ẹ má bínú o, abẹ́rẹ́ mi ló bọ́ sílẹ̀! Mò ń wá a ni!"

Onígbàjámọ̀ na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn díẹ̀ fún un. "Má gún mi o."

"Mi ò ní gún ọ mọ́."

Nígbà tó fi máa dìde, ṣòkòtò ti dọ́gba. Onígbàjámọ̀ wá yíjú sí i. "Àkàbà náà lo tún fẹ́ tẹ̀ka fún?"

"Àṣírí mi nìyẹn," ni Télọ̀ fèsì.

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Oúnjẹ ti ń sọdá títì báyìí, àga ò tíì sọdá padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra! Kó o tó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, bi ara rẹ pé ta ló ni ohun tó o fẹ́ kó fún wọn. Fóònù rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan: ìyá rẹ wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Má torí dátà ọ̀fẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò mọ̀ ọ́ rí tú àṣírí ẹni tó mọ̀ ọ́. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó o fẹ́ràn, kó o sì fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.