Kámẹ́rà Tuntun Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìlú le lábẹ́ àwọn ṣọ́jà, síbẹ̀ kámẹ́rà tuntun dé láti òkè òkun sílé Monílọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, ní Òrè.

Kì í lo fíìmù. Ojú ẹsẹ̀ la ń rí fọ́tò lójú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀ àti Dámi ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń yà wọ́n.

Mo fi lẹ́ǹsì gígùn fa ojú Dámi mọ́ra. Mò ń jowú.

"Àǹtí Oyin, ó kan èmi àtẹ̀yin!" Dámi ló pè mí.

Dádì rẹ̀ yà wá. Dámi wo fọ́tò náà, ó kígbe: "Mọ́mì, mo mà jọ Àǹtí o!"

Ẹ̀gbọ́n mi já kámẹ́rà gbà, ó pa fọ́tò náà rẹ́.

"Kò dáa," ló sọ.

Kò sí oúnjẹ lọ́dún tí mo bí Dámi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.