Pátákó Eré Ẹnu Géètì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Mofẹ́wà olórin lọ wo pátákó eré tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì. Pátákó yìí kì í parọ́. Ó máa ń sọ bí eré kọ̀ọ̀kan yóò ṣe parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kan, iná tíkẹ́ẹ̀tì náà a máa tàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Mofẹ́wà, ó kọ ọ́ pé: “Ọjọ́ Jímọ̀. Olórin yóò ṣubú lẹ́nu orin kẹta, kò ní dìde mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán.”

Èrò ibi eré rẹ̀ kì í pé ogún tẹ́lẹ̀.

“Kọ orin méjì péré, kí o sá wálé, jàre,” ni Tiwalólú tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sọ nígbà tí Mofẹ́wà ròyìn rẹ̀ fún un. “Màá ti se ẹ̀wà dè ọ́.”

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n Mofẹ́wà ti rí iná tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Jímọ̀ tó ń tàn níbẹ̀.