Àmín Tí Kò Jáde

Oṣù mẹ́ta rèé tí bàbá ti wà lójú ogun. Ìyá àgbà ló ń darí àdúrà òwúrọ̀.

"Olúwa, dá ọmọ mi padà sínú ilé yìí."

Wọ́n ṣe àmín. Ọmọ ọdún méje panu mọ́.

Ojú ti ìyá rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ. Ó fà á wọ yàrá.

"Bàbá tó bí ọ! Ta ló fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu rẹ pa?"

"Mọ́mì, ẹnu tiyín náà kàn ń mì ni. Mo fetí sí i, kò sí ohùn níbẹ̀."

Ìtìjú ti iwájú ìyá ọkọ ò tó èyí.

Ọmọ fọwọ́ kan ẹnu ìyá rẹ̀.

"Eyín tèmi tó yọ ti hù. Èyí tí Dádì fi ẹ̀ṣẹ́ yọ lẹ́nu yín ò tíì hù.

Ẹ jẹ́ kó hù ná, ká tó ṣe àmín."