Ọ̀rọ̀ Méjì Lórí Búlọ́ọ̀gì

"Kọ ọ́ pé, 'Máa bọ̀.' Ìyẹn nìkan," ìyá kan wí fún onítáìpù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Tó bá gùn jù, á rò pé mo tún fẹ́ bá òun jà."

Ọdún mẹ́ta rèé tó ti lé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde. Orí búlọ́ọ̀gì ọmọ náà, tí onítáìpù máa ń kà fún un, nìkan ló ti ń gbúròó rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ padà sílé, pé tí ìyá òun bá kọ̀, òun á pa búlọ́ọ̀gì náà rẹ́, kẹ́nikẹ́ni má gbúròó òun mọ́.

Onítáìpù tẹ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, pẹ̀lú *a* kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń tẹ̀wé fún gbogbo èèyàn: *Ma bo.* Ó fi *Maami* sí ibi orúkọ, ó sì fi í ránṣẹ́.

Kíá ni èsì dé: *Mo ti gbo, Maami.*

"Ó ti gbọ́," ni ìyá náà wí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ n lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un."

Onítáìpù tún ojú ewé náà ṣí. Kò sí mọ́. Ó rọra pe ohun tó tẹ̀ jáde lẹ́nu: "Má bọ̀."

"Màmá, ẹ dúró ná."

"Kí n dúró kẹ̀? Ṣé kó wá bá ilẹ̀kùn ní títì ni?"