Ẹni Tó Kí Ògiri

Láràárọ̀, ògiri họ́sítẹ̀ẹ̀lì á fi ohùn ìyá àgbà béèrè pé, "Ìbídùn, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

Ìbídùn á ní, "A dúpẹ́, mà." Fadérera, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà, á panu mọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, torí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni ògiri gbọ́dọ̀ gbọ́ nínú yàrá náà.

Láàárọ̀ yìí, ojú oorun ni Fadérera ti gbọ́ ohùn àgbà. Kó tó ronú, ó ti kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ògiri béèrè pé, "Ìbídùn, ta nìyẹn?"

Bí Ìbídùn bá ní ọ̀rẹ́ òun ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa lé.

"N ò mọ̀ ọ́n rí, mà."

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Fadérera kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, kò bá Ìbídùn jà. Lẹ́nu ọ̀nà, ó tún kúnlẹ̀ fún ògiri: "Ẹ má bínú, mà."

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ògiri ní, "Wọ́n kọ́ ọmọ yẹn nílé o. Ọmọ ta ni?"

Ìbídùn mọ ìyá Fadérera dáadáa. Ọbẹ̀ tí ìyá náà sè fún àwọn méjèèjì ṣì wà nínú kúlà.

Ó fa aṣọ ìbora bojú, ó panu mọ́.